Fèrèsé Bàbá Aláago

Lọ́jọ́ tí Bàbá Aláago kọ́kọ́ pinnu pé òun yóò pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbà lọ tààrà. Kò yà síbì kankan. Ó wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó nu bàtà rẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn òkúta gbàǹgbà yẹn títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn kì í bá ìránṣẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ọ̀gá wà nílé.

Obìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà béèrè ohun tó bá wá.

"Ọmọ mi, ẹjọ́ ni mo fẹ́ pè. Aládùúgbò mi mọ odi dí fèrèsé mi."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ṣì ń dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ó fa àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì dúró kó mu ún tán.

"Bàbá, ìsàlẹ̀ la ti ń gun igi," ló wí. "Ibi tí ẹ wá yìí, ẹ̀ka tó kẹ́yìn lókè ni. Àwọn adájọ́ ibí kì í gbọ́ irú ẹjọ́ yín, àfi tó bá ti gba ọwọ́ àwọn tó kù kọjá. Kóòtù kékeré kan wà ládùúgbò yín, nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìdájọ́ wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí tiwọn náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí ọ̀rọ̀ òfin tó ta kókó bá wà nínú ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè wá kí wa."

"Ṣé gbogbo yín ni mo máa rojọ́ fún ni?"

"Ká má rí i, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í kọjá ìsàlẹ̀."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ń kùn sínú pé wọ́n ti dí òun lọ́nà, àmọ́ ó mọ̀ pé obìnrin náà ti fọ̀nà han òun ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Yàrá iwájú ilé ni Bàbá ti ń tún aago ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirimú. Tábìlì rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo, fèrèsé yẹn sì kọjú sí àgbàlá Atẹ̀wé, ọkùnrin tó ń tẹ ìwé ìpè àti kàlẹ́ńdà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Láàárọ̀, Atẹ̀wé á yọjú láti àgbàlá, á ní, "Bàbá, aago mélòó ló jí yín lónìí?" Bàbá á ní, "Gbogbo wọn!" Wọn a rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò tíì sọ ọ́ rí.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Ó máa ń fẹ́ wọ ibi tí Atẹ̀wé ń kó ìwé sí, ìwé á rin, á wú, iṣẹ́ oníṣẹ́ á bàjẹ́. Atẹ̀wé kó bíríkì dé, ó mọ odi sí ẹ̀bá ààlà, lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ó sì mọ ọ́n ga kọjá fèrèsé Bàbá. Nígbà tí ó fi parí, bí èèyàn bá na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, odi ni yóò fọwọ́ kàn. Yàrá náà ṣókùnkùn bí inú àpótí. Bàbá bínú, kò sọ̀rọ̀. Atẹ̀wé rí i pé Bàbá fajúro, òun náà bínú pé wọn ò bi òun léèrè ìdí. Báyìí ni ìkíni tán láàárín wọn.

Ẹ ó ní ṣebí iná mànàmáná wà. Ó wà. Ṣùgbọ́n gílóòbù máa ń da òjìji ọwọ́ sórí iṣẹ́. Ohun mìíràn sì wà tí Bàbá kò sọ fún ẹ̀dá alààyè, títí kan ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ń bá a gbé: ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìkùukùu kan ti dà bo ohun gbogbo, ó sì ń nípọn sí i lọ́dọọdún. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn nìkan ló kù tó fi ń rí inú aago. Láti ìgbà tí odi ti dìde, ó ti ń dá aago ọwọ́ àwọn obìnrin, èyí tó kéré jù, padà, á ní kò sí ohun èlò rẹ̀ lọ́jà mọ́. Irọ́ ni. Kò rí i mọ́ ni. Bí wọ́n bá sì mọ̀, ta ló máa gbé aago fún ẹni tí kò ríran? Iṣẹ́ yìí ló kù tí Bàbá fi ń pe ara rẹ̀ ní èèyàn.

Ó dé kóòtù kékeré. Yàrá náà kò tóbi ju kíláàsì ọmọ rẹ̀ lọ: bẹ́ǹṣì gígùn, fáànù tó ń kùn, tábìlì adájọ́ lórí pèpéle. Lórí ògiri, lókè orí adájọ́, ni aago ńlá kan wà. Bí Bàbá ti jókòó ló gbọ́ pé aago náà kò dún. Ó dẹ etí, ó tún dẹ etí. Ó ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n wí tèmi: aago yẹn ló kọ́kọ́ ba ẹjọ́ Bàbá jẹ́. Ẹni tó ń tún aago ṣe kì í wà níbi tí aago kú sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ òfin lọ, òun ń rò ó bóyá eruku ló dí i ni tàbí sípíríìnì rẹ̀ ló já. Inú ìrònú yẹn ló wà nígbà tí lọ́yà Atẹ̀wé dìde. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni.

"Bàbá, mo gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó yín ní gbogbo agbègbè yìí."

"Wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀."

"Mo tún gbọ́ pé ọwọ́ yín mọ̀nà débi pé, bí wọ́n bá pa iná, ẹ ó ṣì tú aago, ẹ ó sì tò ó padà."

Ẹlòmíràn á ti rí pàkúté. Bàbá Aláago, oyin ló rí.

"Iná kẹ̀?" Ó na àyà rẹ̀. "Kí n dijú, màá tú u, màá tò ó! Ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ojú!"

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Adájọ́, ọkùnrin tín-ínrín onígíláàsì, tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé. Ọmọ Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó kan òun náà láti sọ̀rọ̀, ó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó ní, "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa débẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Ìròyìn ò tó àfojúbà." Adájọ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kò sì dá a lóhùn, torí àwọn ẹlẹ́jọ́ mìíràn ti kún ẹnu ọ̀nà.

Ìdájọ́ dé. Adájọ́ ní olùpẹjọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lè dijú ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì lè dijú ṣiṣẹ́, odi kò lè pa iṣẹ́ rẹ̀ lára. Kí odi dúró.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bàbá mi, kí ló dé?" Ọmọ rẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n délé kó tó bẹ̀rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nípa iṣẹ́ mi ló bi mí léèrè. Ṣé kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ pè é lẹ́jọ́, ẹ̀yin náà lẹ gbèjà ẹ̀!"

Àwọn aládùúgbò ní kó fi í sílẹ̀, pé ṣebí a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀tá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti rántí ohun tí Bàbá ní obìnrin ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ. Ó wádìí dé ọ́fíìsì kan tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa bá àwọn tí kò lágbára rojọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní lọ́yà kan, ọmọbìnrin tí kò ga, tó máa ń ru fáìlì bí ìyá tó gbọ́mọ sápá. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ ní kóòtù kékeré. Nígbà tó dé ibi tí Bàbá ti ń fọ́nnu, ó mí kanlẹ̀. Ó tún kà á síwájú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ọmọ yín gbà yín là," ló wí. "Ó ní kí adájọ́ wá wo ibẹ̀. Adájọ́ ò ní òun ń bọ̀, kò sì ní òun ò ní í wá. A ó gbé e lọ sókè."

Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tóbi, ó sì dákẹ́. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó níbẹ̀, kò sí àyè ẹlẹ́rìí rárá. Bàbá ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí níwájú ìjọ. Bó ti nawọ́ sókè, lọ́yà rẹ̀ fa etí aṣọ rẹ̀.

"Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ tuntun níbí, Bàbá. Bí ti ìṣáájú ṣe lọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò."

"Kí ni mo wá ṣe níbí nígbà náà?"

"Ẹ wá jókòó. Ẹ jókòó dáadáa, sà."

Ó jókòó dáadáa. Àgbà obìnrin tó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní àwọn kò sọ pé Bàbá jàre, àwọn kò sì sọ pé Atẹ̀wé jẹ̀bi. Ohun tí àwọn rí ni pé wọ́n bẹ adájọ́ kó wá fojú rí nǹkan, kò dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ orí ohun tí ojú lè rí ni ẹjọ́ náà dá lé. Kí ẹjọ́ padà sí kóòtù kékeré, kí adájọ́ mìíràn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì débẹ̀.

Inú Bàbá dùn, ó tún dàrú. Gbogbo ìrìn àjò yìí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n tún dá a padà sí. Ó délé kó tó yé e pé wọ́n ti fún òun ní ohun tí òun kò rò pé ó wà láyé yìí: àyè láti tún ọ̀rọ̀ ara ẹni sọ.

Kí ẹjọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ó yọ́ lọ bá akọ̀wé kóòtù kékeré. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún aago yín ṣe. Mi ò ní í gba nǹkan kan."

Akọ̀wé fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. "Bàbá! Ẹ ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ wa! A ò lè gba oore lọ́wọ́ yín. Kí aago yẹn kú síbẹ̀ ná."

Ọjọ́ tí wọ́n máa wá wo ibẹ̀ pé. Oòrùn wà níta, mímọ́ kedere. Adájọ́ tuntun, obìnrin tó wọ bàtà pẹlẹbẹ nítorí ìrìn, wọlé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀. Àwọn lọ́yà tẹ̀ lé e, Atẹ̀wé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò nínú ilé tó ti máa ń wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Adájọ́ yọjú láti fèrèsé, ó fọwọ́ kan odi. Ó lọ sí àgbàlá Atẹ̀wé, ó wo ìwé tí òjò ti bà jẹ́ níjelòó, ó mi orí. Ó padà wá.

"Bàbá, ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó. Ẹ ṣiṣẹ́ ká rí i."

Aago ọwọ́ obìnrin kan tí kò tíì dá padà wà lórí tábìlì. Bàbá tan gílóòbù, ó há dígí tó fi ń wo ohun tíntìntín sójú, ó mú ẹ̀mú kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀nà lóòótọ́. Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi ẹ̀mú mú ìṣó kan tí kò tó orí èèrà. Ó gbé e. Ìṣó náà já bọ́.

Bàbá na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń tá ràrà. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, ìṣó náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fọwọ́ gbá a sílẹ̀. Gbogbo wọn rí i. Òun nìkan ni kò rí i.

Ó lè ní pé gílóòbù ló fà á. Ó lè ní pé ìpayà àlejò ni. Ẹ̀rù bà á gan-an, torí pé ohun tó kù láti sọ ni ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó yọ dígí kúrò lójú.

"Olúwa mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, òótọ́ ni nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ojú mi ti ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ibẹ̀ yẹn wọlé, òun nìkan ni mo fi ń ríran. Ojú tì mí láti sọ ọ́ ni."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Atẹ̀wé ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi ìka kan ahọ́n, bí àwọn atẹ̀wé ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ìwé, ó rọra tẹ ìka tútù náà mọ́lẹ̀, ìṣó náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dìde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

"Ẹ̀yin náà ò bi mí ìdí tí mo fi mọ odi!"

"Mo gbà," ni Bàbá wí. "Ìwé rẹ bàjẹ́. Mi ò bi ọ́."

Lọ́yà Atẹ̀wé la ẹnu. Adájọ́ fi ojú dá a padà. "Mo lè dá ẹjọ́ yìí," ló wí fún àwọn méjèèjì, "ẹnì kan á sì jàre, ẹnì kan á jẹ̀bi. Òfin tún fún mi láyè láti fi yín sílẹ̀ kí ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ohùn yín bá ṣọ̀kan, màá sọ ọ́ di ìdájọ́. Èwo lẹ fẹ́?"

Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì Atẹ̀wé, láàárín ìwé, wọ́n sọ ọ́ débi pé àwọn lọ́yà lọ dúró síta. Nígbà tí wọ́n padà dé kóòtù, adájọ́ ka àdéhùn wọn sókè: Atẹ̀wé yóò wó odi náà dé abẹ́ fèrèsé, wọn yóò sì fi páànù aláwọ̀ omi, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, bo òkè rẹ̀ kí òjò má baà rí àyè wọlé. "Láti òní lọ, èyí ti di ìdájọ́ kóòtù," ló wí. "Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, èmi ló yẹ̀." Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín kóòtù. Akọ̀wé ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, kó dìde. Bàbá ní òun ò tíì dúpẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tàn ká àdúgbò, bó ṣe bẹ̀rù. Kò sí oníbàárà tó sá. Obìnrin tó ni aago ọwọ́ yẹn ní, "Bàbá, a ti mọ̀ tipẹ́! Ẹni tó ń gbé aago sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ẹ̀!" Ọmọ rẹ̀ sì ti ń fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, tipátipá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò jẹ́ kí Bàbá sinmi. Ó padà lọ bá akọ̀wé kóòtù. "Mi ò lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ fún mi ní aago yẹn."

Akọ̀wé lọ béèrè nínú. Ẹni tó jáde wá ni adájọ́ onígíláàsì, èyí tó kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Bàbá ti ń rò ó láti ìgbà yẹn pé ọkùnrin yìí á máa bínú sí òun, òun tó gbé ìdájọ́ rẹ̀ lọ sókè tí wọ́n sì fagi lé e.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ni adájọ́ wí. "Àwọn tó wà lókè fi ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó hàn mí. Ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí ẹni tó lè tún tèmi ṣe, ẹ̀rù ì bá máa bà mí láti dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni." Ó na ọwọ́ sí ògiri. "Ẹ gbé e lọ. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbé e."

Bàbá tún un ṣe lábẹ́ fèrèsé. Eruku ni, kì í ṣe sípíríìnì. Atẹ̀wé ló bá a gbé e padà, Atẹ̀wé ló sì gun àga láti gbé e kọ́, torí ọmọ Bàbá ti búra pé bàbá òun kò gbọdọ̀ gun nǹkan kan. Akọ̀wé dúró, ó wo àwọn méjèèjì títí.

"Ṣebí wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́?"

"A ò tíì dé," ni Atẹ̀wé wí láti orí àga. "Inú kóòtù la ṣì wà."

Adájọ́ onígíláàsì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ dijú tún un ṣe bí?"

"Rárá, olúwa mi. Ìmọ́lẹ̀ ni mo fi tún un ṣe. Ẹ ṣé."

Aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí gbogbo wọn. Láti ibi tí Bàbá dúró sí, kò rí ọwọ́ aago náà, ńṣe ló kàn ń rí ohun roboto funfun kan lára ògiri. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti mi orí bí ẹni tó rí i.

"Atẹ̀wé," ló wí, tí gbogbo wọn gbọ́, "bá mi wò ó. Aago mélòó ló lù?"

Atẹ̀wé sọ fún un.